Iṣẹ́ àtijọ́ lórí Hive: ká gbé e bó ṣe wà, àbí ká tún un kọ?

Lórí Hive, ìkànnì tí ìbò àwọn òǹkàwé ti ń sọ àpilẹ̀kọ di owó, tó yapa kúrò lára Steem, ìkànnì irú rẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2020, ọjọ́ 7 péré ni àpilẹ̀kọ fi ń pa owó. Lẹ́yìn náà, ìbò kì í mú nǹkan kan wá mọ́. Ìdí nìyí tó fi ń wu èèyàn láti tún iṣẹ́ àtijọ́ gbé jáde.

Ẹni tó gbé e bó ṣe wà láìsọ fún ẹnikẹ́ni ń gbowó ẹ̀ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ kan. Inú àpò kan náà sì ni èrè gbogbo wa ti ń jáde: ohun tí ẹnì kan bù lé, tẹlòmíràn ló fi ń dín. Àwọn tó dìbò pàápàá, tí ìdajì èrè jẹ́ tiwọn, rò pé iṣẹ́ tuntun ni wọ́n ń gbé lárugẹ. Kò ṣeé fi pamọ́, torí ti àkọ́kọ́ ṣì wà lórí blockchain, àkọsílẹ̀ ìkànnì náà tí kì í parẹ́, tòun ti ọjọ́ rẹ̀. Ìbò ìtakò lè sọ gbogbo èrè náà dòfo kí ọjọ́ 7 tó pé.

Àtúnkọ gba làálàá, ṣùgbọ́n òun la fara mọ́. Kọ ọ́ sókè pátápátá: “Ọdún 2021 ni mo kọ́kọ́ kọ èyí, ìpín kejì àti àwòrán jẹ́ tuntun,” kí o sì fi líǹkì ti àkọ́kọ́ sí i. Pípààrọ̀ àkọlé nìkan kì í ṣe àtúnkọ. Bó bá jẹ́ ìwọ̀nba gbólóhùn lo yí, yan “Decline Payout” kí o tó tẹ̀ ẹ́ jáde: wọn á kà á, owó ò ní wọlé. Fún àṣìṣe kékeré, “Edit” lára ti àtijọ́ ti tó.