Wíwọn igi kí a tó ra igbó ńlá: iṣẹ́ ta ló tó owó tí à ń san lé e?

Ẹni tó bá fẹ́ ra igbó tó fẹ̀ tó 400 hẹ́kítà, ìbáà jẹ́ nítorí gẹdú, nítorí ìgbafẹ́ tàbí kí igbó náà lè máa wà bó ṣe wà fún ẹyẹ àti ẹranko, iye tí wọ́n ń ta hẹ́kítà kan ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè yẹn kò tíì yá. Kí a tó dúnàádúrà, ó yẹ kí ẹnì kan ti wọ inú igbó náà, kó ti ka igi ibẹ̀, kó ti wọ̀n wọ́n, kó sì ti kọ ohun tó rí sílẹ̀. Iṣẹ́ ìwọ̀n yìí ni a yẹ̀ wò níhìn-ín. Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà. Owó wọn yàtọ̀, ohun tí oníkálukú lè sọ fún yín náà sì yàtọ̀ gidigidi.

Ọ̀fẹ́ ni àkọ́kọ́: ìwé tí olùtà fúnra rẹ̀ fi ń polówó igbó. Àwòrán odò á wà níbẹ̀, àwòrán igi ràgàjì mélòó kan á wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń sọ iye kúbíìkì mítà gẹdú tó wà lórí ìdúró. Ẹ má fi nọ́ńbà yẹn ṣírò nǹkan kan títí ẹ ó fi mọ ọdún tí wọ́n wọ̀n ọ́n, iye ojú ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, bí wọ́n ṣe yan àwọn ojú ibi náà, àti igi tó kéré jù tí wọ́n kà mọ́ ọn. Igbó tí wọ́n ka igi rẹ̀ láti orí èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 á dà bíi pé ó lọ́rọ̀ ju èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 30 lọ, bẹ́ẹ̀ igbó kan náà ni. Bí ìwọ̀n náà bá sì ti pé ọdún mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí àwọn onígẹdú ti wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ àti orúkọ àwọn igi ni a lè gbà nínú ìwé olùtà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì ni ti sátẹ́láìtì àti dúróònù. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é lè má fẹsẹ̀ tẹ igbó náà rárá, síbẹ̀ ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó lè bá wọn du: ìtàn igbó. Láti 1972 ni àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya ayé, ọ̀fẹ́ sì ni àwòrán wọn láti 2008. Ti Sentinel-2, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, fojú hàn jù ú lọ: ẹyọ àmì kan nínú àwòrán rẹ̀ jẹ́ mítà 10 sí 10, nígbà tí ti Landsat jẹ́ 30 sí 30. Pẹ̀lú wọn, a lè mọ ọdún tí iná jó apá kan, ọdún tí wọ́n la ọ̀nà gẹdú, àti ibi tó ti jẹ́ oko rí kí igi tó gbà á padà. Global Forest Watch, ojúlé kan lórí ayélujára, ń fi ibi tí igi ti pòórá láti 2001 hàn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà bí ẹnì kan bá fẹ́ gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín fún èyí nìkan, ẹ kọ̀ ọ́.

Àmọ́ orí igbó ni sátẹ́láìtì ń rí, kò rí ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá gé igi ńlá kan nínú hẹ́kítà méjì-mẹ́ta, ewé àwọn tó kù á bo àlàfo náà láìpẹ́, àwòrán ò sì ní fi nǹkan kan hàn. Ibi tí ìtàkùn ti bo igi pátá tún máa ń tutù yọ̀yọ̀ nínú àwòrán, bẹ́ẹ̀ kò sí gẹdú gidi níbẹ̀. Dúróònù tó ń ta ìmọ́lẹ̀ léésà sílẹ̀ lè wọn gíga igi dáadáa, ṣùgbọ́n kó tó lè sọ iye gẹdú, wọ́n gbọ́dọ̀ ti wọn igi díẹ̀ lórí ilẹ̀ láti fi tọ́ ọ sọ́nà. Ohun tó tọ́ ká fi ṣe ni pípín igbó sí ìsọ̀rí: ibi igi ńlá, ibi igi kéékèèké, àbàtà, ẹ̀bá òkè. Oníwọ̀n tó ń fẹsẹ̀ rìn á mú ìsọ̀rí yẹn ṣiṣẹ́.

Ìkẹta, èyí tó wọ́n jù tó sì gba àsìkò jù, ni kí onímọ̀ igbó àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ rin ín. Òun ni a fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé téèpù dání ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí wọ́n tó wọgbó ni ó yẹ kí wọ́n ti fa ìlà sórí àwòrán ilẹ̀, kí ojú ìwọ̀n kan wà ní gbogbo mítà 200 sí 200. Ojú kan á dúró fún hẹ́kítà 4, igbó 400 hẹ́kítà á ní ojú 100. Bí ojú kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ òbìrí tó gba 500 mítà onígun mẹ́rin, àpapọ̀ ohun tí wọ́n wọ̀n gan-an jẹ́ hẹ́kítà 5, ìyẹn ìdá 1.25 nínú 100. Ó lè dà bíi pé ó kéré, ṣùgbọ́n kíkéré kọ́ ló sábà máa ń ba ìwọ̀n jẹ́, yíyàn ni. Ẹni tó dé ojú tí ìlà mú, tó rí i pé àbàtà ẹlẹ́gùn-ún ni, tó wá sún díẹ̀ bọ́ sábẹ́ àwọn igi dáradára, ti sọ igbó náà di olówó lórí ìwé.

Láti àárín òbìrí náà dé etí rẹ̀ jẹ́ mítà 12.62. Bí wọ́n bá fi okùn mítà 12 ṣe é nítorí pé ó rọrùn láti rántí, òbìrí á di nǹkan bíi 452, iye igi tí wọ́n kà á sì fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 dín. Lórí ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́ ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ìwọ̀n tó tẹ́jú là ń fẹ́, kì í ṣe èyí tó bá ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti da ní dígírì 30, okùn gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 14.57 ní ìhà tó gòkè àti ní ìhà tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníwọ̀n bó ṣe ń ṣe èyí. Ẹni tó mọṣẹ́ á dáhùn kíá.

Igi fúnra rẹ̀, mítà 1.3 sókè ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, láti ìhà tí ilẹ̀ ti ga jù. Ìtàkùn kò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ téèpù. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró yí i ká bí ògiri, òkè ibi tí gbòǹgbò náà parí sí ni wọ́n á ti wọ̀n ọ́n. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ìbú igi la máa ń fi ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ nínú ìṣirò: àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà 2 lára igi oní-40 á fi ìdá 10 kún gẹdú rẹ̀. Igi tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní mítà 25, bí a bá ka bó ṣe ń tín-ín-rín lọ sókè sí 0.45 (ìyẹn ìdá 45 nínú 100 ohun tí ì bá jẹ́ ká ní ó fẹ̀ bákan náà láti ìdí dé orí), jẹ́ nǹkan bíi kúbíìkì mítà 1.4. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ayùn máa rí lò: orí rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ àti ibi tó wọ́ á kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn àdá gbá igi, kí wọ́n sì ya èyí tó dún bí ohun tó ṣófo sọ́tọ̀ nínú ìwé. Igi tí wọ́n ti ta wáyà mọ́ rí náà gbọ́dọ̀ ní àmì, nítorí wáyà tí igi ti gbé mì ń ṣẹ́ eyín ayùn, àwọn tó ń la pákó kì í sì í fẹ́ rí i.

Àwọn kan kì í lo òbìrí. Prism, gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré kan, ni wọ́n ń gbé sójú, wọ́n á yí po lójú kan, wọ́n á máa ka igi tí àwòrán rẹ̀ nínú gíláàsì kò já kúrò lára rẹ̀. Orí ọgbọ́n tí Walter Bitterlich, onímọ̀ igbó ará Austria, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1940 ló dúró lé. Ó yá, ó sì dára nínú igbó tí a gbìn ní ìlà. Nínú igbó àbáláyé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí, igi tó wà lẹ́yìn òmíràn kì í hàn, oníwọ̀n á sì fò ó. Òbìrí ni kí ẹ béèrè fún níbẹ̀.

Kùkùté la fi ń mọ oníwọ̀n tó gbóná. Á wọn èyí tó bá bọ́ sínú òbìrí rẹ̀. Bí kùkùté bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, tí igi tó fẹ̀ jù lórí ìdúró kò sì kọjá 35, wọ́n ti kó èyí tó dára lọ. Olùtà á sọ pé igbó ọ̀dọ́ ni, pé kí ẹ kàn ní sùúrù. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀: àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn lè jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n gé, òjìji ló tẹ̀ wọ́n rì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní dàgbà dáadáa mọ́. Níbi tí igi ti ń ní òrùka ọdọọdún, ìlu kékeré tó ń fa ọ̀pá igi tín-ín-rín jáde láti èèpo dé àárín á fi ọjọ́ orí wọn hàn. Ọ̀pọ̀ igi ilẹ̀ olóoru kì í ní òrùka tó ṣeé kà, nítorí náà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ka àwọn ọmọ igi tó ń hù nínú òbìrí kékeré tí etí rẹ̀ jìnnà sí àárín ní mítà 2.

Ìròyìn tó sọ iye gẹdú tó wà láìsọ iye tó ń kún un lọ́dọọdún kò tíì parí. Ká ní hẹ́kítà kan ní kúbíìkì mítà 150, tí 3 sì ń kún un lọ́dún, ìdá 2 nínú 100 nìyẹn. Igbó 400 hẹ́kítà á máa mú 1,200 wá, àfi pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ etí odò, àbàtà àti òkè tó dúró ṣánṣán kúrò. Bí ìyẹn bá jẹ́ hẹ́kítà 100, 900 ló kù. Gígé tó bá ń ju ìyẹn lọ lọ́dọọdún ti ń jẹ ojú owó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìròyìn ti ń ṣi òǹrajà lọ́nà jù lọ ni iye owó. Wọ́n á mú iye tí wọ́n ń ra igi níbi tí wọ́n ti ń la pákó, wọ́n á fi ṣe ìlọ́po iye kúbíìkì mítà, àròpọ̀ ńlá á jáde. Igi kò tíì dé ibẹ̀. Owó agégi, owó fífà á dé ojú ọ̀nà, owó ọkọ̀ àti owó ọ̀nà tí a máa là gbọ́dọ̀ kúrò kí a tó mọ iye tí igi tó wà lórí ìdúró jẹ́, níbi tó bá sì jìn, ó lè má ku nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ìròyìn tí kò sọ̀rọ̀ ọ̀nà fi ń pàdánù máàkì lọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ gẹdú tó kún lè wúwo tó 40 tọ́ọ̀nù: ṣé afárá tó wà lọ́nà lè gbé e? Ṣé ẹ̀tọ́ láti gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá wà ní kíkọ nínú ìwé ilẹ̀, ṣé ó sì dárúkọ ọkọ̀ gẹdú, àbí ẹlẹ́sẹ̀ nìkan? Ọ̀rọ̀ ààlà, sọ́féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló ni ín. GPS orí fóònù máa ń yẹ̀ ní mítà mélòó kan lábẹ́ igi, ààlà oní-kìlómítà 2 tó bá sì yẹ̀ ní mítà 10 ti gbé hẹ́kítà 2 lọ.

Ẹni tí ìgbafẹ́ tàbí ìdáàbòbò igbó jẹ lógún kò nílò ìwọ̀n ọ̀tọ̀. Kó ti wà nínú iṣẹ́ oníwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kó kọ igi tó ti kú tó ṣì dúró, igi oníhò, orísun omi, ipasẹ̀ ẹranko àti ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀. Igi oníhò tí onígẹdú pè ní òfò ni owìwí, àdán àti oyin ń gbé. Ọ̀nà tí wọ́n fi fa igi nígbà kan lè di ọ̀nà ìrìn ìgbafẹ́ bí kò bá da ju ìdá 10 nínú 100 lọ tí omi òjò sì rí ibi yà sí. Èyí tó sọ̀ tààrà láti orí òkè á di gọ́tà. Kí lọ́yà náà wádìí bóyá ẹnì kan ti ra ẹ̀tọ́ igi tàbí ti ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ náà, àti bóyá olùtà ti fọwọ́ sí àdéhùn ìdáàbòbò. Ní Amẹ́ríkà, irú àdéhùn yìí, tí wọ́n ń pè ní conservation easement, máa ń bá ilẹ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó bá rà á, ó sì sábà máa ń jẹ́ títí láé.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba oníwọ̀n, ẹ sanwó lórí iye ojú ìwọ̀n tàbí iye hẹ́kítà, ẹ má san án lórí iye gẹdú tó bá rí tàbí iye tí wọ́n bá ta ilẹ̀. Ẹ má gba ẹni tó fẹ́ ra igi náà, ẹ má sì gba ẹni tí olùtà fà lé yín lọ́wọ́. Kó kó ìwé tó kọ nínú igbó gan-an fún yín, pẹ̀lú àmì GPS ojú kọ̀ọ̀kan, kó sì kan èèkàn mọ́ àárín òbìrí. Kó kọ ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà: "gẹdú 60,000" kò tó, ó gbọ́dọ̀ sọ iye tó lè fi lé tàbí fi dín. Bí ẹ bá fẹ́ kí àṣìṣe náà dín sí ìdajì, ojú ìwọ̀n gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rán ẹlòmíràn lọ sí òbìrí 10 nínú 100, kì í ṣe àwọn tí oníwọ̀n bá tọ́ka sí, kó tún wọn igi ibẹ̀. Kó wà nínú àdéhùn pé bí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju ìdá 5 nínú 100 yàtọ̀ síra, oníwọ̀n á padà wọgbó láìgba owó mìíràn, àti pé owó ìkẹyìn rẹ̀ ò ní jáde títí yóò fi parí rẹ̀.