Àgbéyẹ̀wò ìwé Anatomy and Physiology ti OpenStax, láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní Òṣogbo

Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni Anatomy and Physiology, ìtẹ̀jáde kejì, tí OpenStax gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2022. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń kọ́ ní Òṣogbo, ìwé yìí ni mo sì gbára lé jù fún ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Yunifásítì Rice, ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ni OpenStax, àjọ tó ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Baraniuk ló dá Connexions, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ṣáájú rẹ̀, sílẹ̀ ní ọdún 1999, ọdún 2012 sì ni àwọn ìwé àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ orúkọ OpenStax. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ló ń kọ àwọn ìwé náà, àwọn olùkọ́ mìíràn a sì yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó jáde; àwọn àjọ ọlọ́rẹ bíi Hewlett Foundation àti Gates Foundation sì wà lára àwọn tó ń náwó sí i. Mo sọ èyí nítorí àwọn òbí tí ara wọn kì í balẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni nǹkan. Àwọn kan ti san owó iṣẹ́ náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Lójú tèmi, àǹfààní tó ga jù nínú ìwé yìí ju pé a kò sanwó rẹ̀ lọ. PDF àwọn ìwé olówó ńlá tí wọ́n ń pín lórí WhatsApp láìgba àṣẹ pọ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í sanwó fún wọn. Ohun tó mú ti OpenStax yàtọ̀ ni àṣẹ tí wọ́n kọ sí iwájú ìwé náà, èyí tí wọ́n ń pè ní CC BY: ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó lè yọ orí kan nínú rẹ̀, ó lè tún un kọ, kódà ó lè tà á, bí ó bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tó ni ín. Ní ìlú tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀, tí dátà sì wọ́n, àṣẹ àtitẹ̀ ẹ́ sórí bébà yìí gan-an ló sọ ọ́ di ìwé tí ọwọ́ wa lè tó.

Orí 28 ni ìwé náà ní, PDF rẹ̀ sì wúwo, nítorí náà ẹnì kan nínú wa ló fi dátà rẹ̀ gbà á sílẹ̀ lóru, àwa yòókù sì fi fíláàṣì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A kò tẹ gbogbo rẹ̀. Àwọn orí tí wọ́n máa kọ́ wa ní sáà náà nìkan ni a gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tẹ̀wé ní agbègbè Òkè-Baálẹ̀. Bàbá náà kọ́kọ́ kọ̀, nítorí wọ́n ti gbọ́ nípa Òfin Ẹ̀tọ́ Oníwèé (Copyright Act) ti ọdún 2022. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má kó mi sí wàhálà o.” A ṣí ojú ìwé tí àṣẹ náà wà, wọ́n kà á fúnra wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún wa ní ojú méjèèjì bébà, wọ́n dì í. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san kò tó ìdá mẹ́wàá owó tí wọ́n ń pè lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ tuntun láti òkèèrè.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀. Orí 19, tí ó dá lórí ọkàn, ni mo fẹ́ràn jù: ó tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ láti ìyẹ̀wù kan sí òmíràn, ó ṣàlàyé bí ọkàn ṣe ń rí agbára tí ó fi ń lù láìdúró, ó sì ṣàlàyé bí a ṣe ń ka ECG, ìlà tí ẹ̀rọ ń yà láti fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù tí mo rí ìlà náà lórí ẹ̀rọ, mo mọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń sọ. Ìbéèrè wà ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn sì wà lẹ́yìn ìwé.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun kíyè sára. Pupa àti búlúù ni wọ́n fi ya àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn àti àwọn tó ń gbé e padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí bébà wa, eérú ni gbogbo wọn. Àwọn àwòrán abẹ́ maikirosíkóòpù tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń ṣí fóònù sí ẹ̀gbẹ́ bébà nígbà tí mo bá dé ibẹ̀. Bákan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Orí 18 sọ̀rọ̀ lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àmọ́ fún àpẹẹrẹ tó bá ilé ìwòsàn wa mu, mo máa ń lọ sínú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ tí NOUN (National Open University of Nigeria) gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn olùkọ́ Nàìjíríà kọ.

Ohun kan tí ìwé yìí kò lè dín kù ni owó áńdáàtì, ìwé pélébé tí olùkọ́ ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn olùkọ́ kan ń sọ di dandan. Ó dùn mí, nítorí àṣẹ CC BY fún olùkọ́ náà láàyè láti mú orí kan, kí ó fi àpẹẹrẹ ilẹ̀ wa sí i, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ tí ó ṣe lórí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìwé OpenStax ni àṣẹ rẹ̀ gbòòrò tó báyìí. Àṣẹ tó wà lórí Calculus wọn, CC BY-NC-SA, kò gba kí ẹnikẹ́ni fi í ṣòwò, nítorí náà ẹ wo iwájú ìwé kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé. Mo bẹ àwọn tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Òṣogbo pé kí wọ́n gbé PDF àwọn ìwé wọ̀nyí sórí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní dátà lè mú fíláàṣì wá kí ó sì gbà wọ́n.