Ṣẹ́ẹ̀dì orí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Ìpẹru: káfíńtà yìí mọṣẹ́, àmọ́ ẹ ka pákó yín

Ibi òjò ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Aago méje àárọ̀ ò tíì lù tí ìyá onígaàrí tó wà nísàlẹ̀ ilé wa fi dúró sẹ́nu géètì mi, ẹrẹ̀ pupa dé e lórúnkún. "Bàbá Ṣẹ̀yí, ṣé ẹ fẹ́ sin mí láàyè ni?" Erùpẹ̀ típà méjì tí mo fowó ara mi rà ti ṣàn wọ ẹ̀yìnkùlé ẹ̀, ó ti bo ààrò tó fi ń yan gaàrí mọ́lẹ̀.

Káfíńtà yẹn sì ti sọ fún mi.

Ṣẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 16, kí n lè máa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìpẹru níbí sì sọ̀ kalẹ̀ gan-an. Èrò tèmi ni pé ká da erùpẹ̀ síbi tó lọ sílẹ̀, ká tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó parí. Ọkùnrin yìí ò bá mi jiyàn. Ó fa rọ́bà kan yọ nínú báàgì, irú èyí téèyàn ń rí omi inú ẹ̀, ó rọ omi sí i, ó ń fi ìka ta á pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ títí atẹ́gùn inú ẹ̀ fi jáde tán. Ọmọ iṣẹ́ di ẹnu kan mú lókè, òun di èkejì mú nísàlẹ̀. Nígbà tómi dúró jẹ́ẹ́, ó fi bírò sàmì sára igi, ó wọ̀n ọ́n: ìsàlẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ rẹlẹ̀ ju òkè lọ.

"Dádì, ilẹ̀ àdàkún á rì, á sì fa ilé dání. Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹsẹ̀ ilé la máa mú gùn."

Mo ní ta ló ń kọ́? Èmi tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí i! Ó ká rọ́bà ẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni ò fi gbé ìpè mi. Inú bí mi, mo pe onítípà.

Lẹ́yìn òjò yẹn, mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló máa fi mí ṣe. Ṣọ́bìrì ló gbé wá. Ọ̀dọ̀ ìyá onígaàrí ló kọ́kọ́ lọ, òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kó ẹrẹ̀ títí di ọ̀sán, kò gba kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ó gbẹ́ ihò mẹ́sàn-án títí ó fi kan ilẹ̀ líle, ó da kọnkéré sí i, ó to bílọ́ọ̀kù ínṣì 9 lé e: lápá òkè, ẹyọ kan, lápá ìsàlẹ̀, mẹ́rin, pẹ̀lú rọ́ọ̀dù àti kọnkéré nínú ihò wọn. Ó tẹ́ ọ̀rá sórí ẹ̀ kí omi má baà gun igi. Òun fúnra ẹ̀ ló lọ ra pákó igi apá ní Ìjẹ̀bú-Igbó fún abẹ́ ilé. Pákó igi afàrà tí mo fẹ́ fi ṣọ́ owó, ó ní ikán á jẹ ẹ́ bí gúgúrú. Mo ti gbé jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta àti fáìsì onírin sórí pákó yẹn, mo tún fò lórí ẹ̀ (ìyàwó mi rí mi). Kò dún kín.

Àmọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án tó sọ di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ojúde Ọba dé, ó pòórá lọ Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ òun, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí òun, ti rán aṣọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ jẹ ìkọ́kọrẹ́ wa bí ẹni pé wọ́n dá ewùrà pọ̀ mọ́ wa. Inú ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí, tó ń gbá bẹ́ǹṣì mi, bẹ́ẹ̀ mo ti yà á sórí ìwé fún un pé ìta ni.

Pákó apá ńkọ́? Mo ka 34 wọlé. 29 ló wà lábẹ́ ilé. Mo bi í, ó ní àwọn ọmọ ti fi èyí tó kù dáná. Apá! Ta ló ń fi apá dáná? Ní Sátidé mo gba ẹnu ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjá, bẹ́ǹṣì tuntun wà níwájú ẹ̀, igi ẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n wá jókòó sórí ẹ̀.

Mo jókòó. Bẹ́ǹṣì yẹn lágbára.

Máàkì mi: 2 nínú 5. Ìyá onígaàrí ti gba nọ́ńbà ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ kọ́ àtíbàbà tuntun sórí ààrò ẹ̀.