Kọ́ọ̀sì information systems tí mo ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó sanwó

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ méjìlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ó dá lórí bí iléeṣẹ́ ṣe ń lo information systems (ìyẹn kọ̀ǹpútà, dátà àtàwọn èèyàn tó ń lò wọ́n pa pọ̀) àti bí wọ́n ṣe ń bójú tó o, mo sì ní kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ronú àtiforúkọ sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ iléèwé tó ni ín. Èmi rò pé tí mo bá fi máa ṣe tán màá ti mọ kóòdù kọ, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o, ẹ yáa tètè mọ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àtàwọn tó ń lò ó, ta ló ń tẹ dátà wọlé, ta ló ń kà á, ìpinnu wo ni ọ̀gá ń fi ṣe, ta ni wọ́n máa pè tó bá dẹnu kọlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ gbẹ, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣáá ni. Ìgbà tá a dé orí tíọ́rì tí Fred Davis gbé jáde lọ́dún 1989, tí wọ́n ń pè ní Technology Acceptance Model, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lára. Ó ní ohun méjì ló sábà máa ń mú kéèyàn gba nǹkan tuntun: kó gbà pé á jẹ́ kí iṣẹ́ òun dáa sí i, kó sì gbà pé kò ní nira láti lò. Níbi iṣẹ́ tèmi, wọ́n gbé sọ́fítíwià kan wá ká máa fi gba àyè ìsinmi, àmọ́ Excel àtijọ́ la ṣì ń lò, èmi sì ti ń bínú sáwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Àṣé fọ́ọ̀mù tó ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta ló sú wọn.

Àmọ́ ibi tí owó mi ti pé ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi sọ ìtàn àwọn tó kùnà. Wọ́n sọ ti Hershey, iléeṣẹ́ ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà, ní 1999, tí ọjà wà ní wíà-háòsì tí wọn ò sì lè kó o ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà torí wọ́n kánjú gbé sísítẹ́ẹ̀mù tuntun dìde, wọ́n tún sọ ti Lidl, iléeṣẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Jámánì, tó pa iṣẹ́ gbígbé SAP (sọ́fítíwià tí iléeṣẹ́ fi ń bójú tó ọjà àti owó) wọlé tì ní 2018 lẹ́yìn ọdún méje. Ti áńbúláǹsì London ló ká mi lára jù. October 26, 1992 ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dìde pé kó máa bá wọn yan ọkọ̀ tó máa lọ gbé aláìsàn. Kọ̀ǹpútà náà ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa àfi tó bá mọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, bí ibi tó rò pé ọkọ̀ wà ò bá ti jóòótọ́ á rán ọkọ̀ méjì síbì kan, ibòmíì ò ní rí ẹyọ kan, àwọn tó ń dúró á tún pe fóònù, ìpè á tún pọ̀ sí i, ìkìlọ̀ á wá kún ojú kọ̀ǹpútà débi pé àwọn ti tẹ́lẹ̀ á ti sá lọ sókè kẹ́nikẹ́ni tó kà wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ míì, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ti gbàgbé. Nígbà tó di November 4 ó kú pátápátá, kóòdù bíńtín kan tí wọ́n gbàgbé sínú ẹ̀ ló ń jẹ mẹ́mórì sáfà díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n bá padà sórí bébà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo fídíò yẹn.

Ibi tó kù sí: ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe dátábéèsì àti ààbò dátà pọ̀, ìyẹn ò tó rárá. Ìdánwò wọn náà, àkọ́sórí ni. Wọ́n bi mí pé kí ni DeLone àti McLean, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, fi kún mọ́dẹ́lì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá sísítẹ́ẹ̀mù yege ní 2003, mo dáhùn pé service quality (bí ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe fáwọn tó ń lò ó ṣe dáa tó), mo gba máàkì, kò sẹ́ni tó ní kí n fi wo sísítẹ́ẹ̀mù kankan. Ìbéèrè tí mo fi ránṣẹ́ sí olùkọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló tó dáhùn, inú mi ò dùn sí i.

Iṣẹ́ àṣekágbá ló tún bá wọn ṣe é. Wọ́n ní ká lọ ya bí ìsọfúnni ṣe ń rìn níbi iṣẹ́ wa. Mo lọ jókòó ti ìyá tó ń bójú tó sítóò wa, mo wá rí i pé wọ́n ní ìwé kan lábẹ́ tábìlì tí wọ́n ń kọ ohun gbogbo sí, torí sọ́fítíwià máa ń ti ọ́dà pa kí ọjà tó wọlé. Ọdún mẹ́rin ni ìwé yẹn ti wà níbẹ̀ táwa tó wà lókè ń ka ríípọ́ọ̀tù tí ò pé. Mo ti mú àwòrán yẹn lọ fún mánéjà wa, wọ́n sì ti ní kí ìyá náà wá síbi ìpàdé tó ń bọ̀.

Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ ṣe é, tó bá jẹ́ kóòdù lẹ̀ ń wá, ẹ wá ibòmíì.