Náírà àti Séfà: Èwo Lẹ Fẹ́ Tọ́jú?

Ní Sábó Gàrí, Kánò, bí oníbàárà bá ti Niger dé, àríyànjiyàn yìí náà ló ń bá a wọlé. Séfà, owó tí wọ́n ń ná ní Niger, kì í sáré yí iye padà. Láti 1960, 50 rẹ̀ ló ń ra fránkì Faransé kan. Oṣù kìíní 1994 ni wọ́n já a sí méjì, ó di 100. (Ọjọ́ yẹn, ẹni tó kó séfà pamọ́ kò rẹ́rìn-ín o!) Láti 1999, yúrò kan jẹ́ 655.957, kò yẹ̀. Náírà ńkọ́? Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ní oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba tú u sílẹ̀ kí ọjà máa fi iye sí i, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi náírà 470, ó sì kọjá 700. Témi, séfà ni mo ń fi pamọ́, náírà ni mo ń ná.