Ọ̀rá funfun, ọ̀rá dúdú tàbí tapólì: èwo ló lè gba oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọ̀rá ṣe ilé tòmátì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi bo ẹrù níta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá láfún àti ata, ọ̀rọ̀ owó yín nìyí. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́ọ̀rá ní Tààkì, wọ́n á fi ìka fà á níwájú yín, wọ́n á ní "ẹ wò ó, ó nípọn, kò lè ya." Òótọ́ ni, kò lè ya lónìí. Kó nípọn dáa, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn nílé iṣẹ́ ló máa sọ bóyá ẹ̀ẹ̀rùn kan ló máa lò tàbí mẹ́ta, ẹ ò dẹ̀ lè fi ìka mọ ìyẹn.

Ohun tó ń pa ọ̀rá ni UV, ìmọ́lẹ̀ kan tó wà nínú oòrùn tójú ò rí. Okùn tín-ín-rín gígùn ló so ọ̀rá pọ̀, ó kéré débi pé ojú ò lè rí i, UV á máa já a sí wẹ́wẹ́, oxygen inú afẹ́fẹ́ á wá bọ́ síbi tó já, ìyẹn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í já òmíì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ títí tí ọ̀rá tó ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ á fi máa dún pàràpàrà tẹ́ ẹ bá gbé e. Ooru ò dá a dúró, ńṣe ló ń ki í láyà.

Ọ̀rá funfun lásán tó mọ́ gaara ló pọ́ọ́kú jù. Síta gbangba nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, kì í sábà pé ọdún kó tó fọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ fẹ́ lò ó, bíi ká fi bo kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, ẹ rà á, ẹ má nówó sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tòmátì kọ́ nìyẹn o.

Fún ilé tòmátì, èyí tí wọ́n pò oògùn UV mọ́, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí UV tètè bà á jẹ́, ni kẹ́ ẹ béèrè, 200 micron (ìwọ̀n bó ṣe nípọn tó nìyẹn) ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ó gówó lórí, ṣùgbọ́n ó lè lo ọdún bíi mẹ́ta. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òun àti èyí lásán jọra bí ìbejì, torí náà ẹ wá ibi tí wọ́n kọ UV sí lára róòlù, kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn kan máa ń yeyè díẹ̀ látilẹ̀, oògùn náà ló fà á, kò túmọ̀ sí pé ó ti gbó. Nǹkan méjì ló tètè ń pa á: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fín oògùn tó ní imí ọjọ́ nínú, ó máa ń pa oògùn ara ọ̀rá náà, èkejì ni páìpù irin. Ẹ wo ilé ọ̀rá tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ máa rí i pé orí páìpù gan-an ló ti kọ́kọ́ ń là, tééré lọ bí páìpù ṣe lọ, nígbà tí àárín ṣì le dáadáa, torí irin ń gbóná níbẹ̀. Ẹ kun ojú irin náà lọ́dà funfun kẹ́ ẹ tó nà án.

Dúdú ló lágbára jù, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀dú tó kúnná ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, tó bá tó ìdá 2 sí 3 nínú 100, òun ló máa ń gba UV mú kó tó wọlé. Kò gba ìmọ́lẹ̀ láàyè, nítorí náà orí ewébẹ̀ kọ́ lẹ máa fi bò, àmọ́ kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ oko kí koríko má hù, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra ṣá fún èyí tó ń rùn tó dẹ̀ ní kókó lára, àlòkù ni wọ́n yọ́, òmíì ti gbó díẹ̀ kó tó dọ́wọ́ yín.

Tapólì aláwọ̀ búlúù tín-ín-rín yẹn ńkọ́? Híhun ni wọ́n hun ún, ó le ju ọ̀rá lọ tí atẹ́gùn bá ń fà á, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá fi oògùn UV sí i, ẹ máa rí i tí ojú rẹ̀ ń ṣí, tí òwú ibẹ̀ ń já sí wẹ́wẹ́. Àpò ìrẹsì tí wọ́n là sí méjì tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ: polypropylene ni, irú ike míì tó yàtọ̀ sí ti ọ̀rá, oòrùn sì tètè ń ba polypropylene jẹ́ ju ọ̀rá lọ. Mo rí i táwọn èèyàn ń fi í ṣe ìbòjì ìsọ̀, ó pọ́ọ́kú lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan ni.

Lẹ́dà mímọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, ẹ má gbé e síta rárá. PVC ni ọ̀pọ̀ wọn, irú ike kan tó ní klorínì nínú, UV ń yọ klorínì kúrò lára rẹ̀, á wá yeyè, á pọ́n bí àwọ̀ tíì, á gan. Ọ̀rá lásán kì í sábà yeyè tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣú ni, á wá fọ́, torí náà èyí tí kò tíì yeyè lè ti kú tán.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ wo ibi tí róòlù wà. Tó bá ti ń jókòó sójú oòrùn níwájú ìsọ̀, ẹ ní kí wọ́n tú u díẹ̀, kẹ́ ẹ ṣẹ́ etí òde lẹ́ẹ̀mejì, tó bá funfun tàbí tó là lójú ibi tẹ́ ẹ ṣẹ́, ẹ sọ fún wọn pé inú lẹ fẹ́ kí wọ́n ti gé tiyín.