Q-TOF tí a rà fún láàbù: iṣẹ́ rẹ̀ dáa, bùkátà rẹ̀ pọ̀

Ẹ̀rọ mass spectrometer (ẹ̀rọ tó ń wọn bí mólékù ṣe wúwo tó) tí ẹ̀ka kẹ́mísírì wa rà, Q-TOF ni, irú èyí tó ń wọ̀n ọ́n pé pérépéré; ESI, ìyẹn fífi iná mànàmáná fọ́n omi tí èròjà wà nínú rẹ̀, ló sì ń sọ èròjà di ion (mólékù tó ní iná lára) kó tó wọ̀n ọ́n. Ní ti wíwọ̀n, mi ò ní àròyé. Reserpine, èròjà tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kì í jìnnà sí 609.2807 tó yẹ kí ion rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ìwádìí ò fẹ́ kí àṣìṣe kọjá 5 ppm (márùn-ún nínú mílíọ̀nù kan) lórí èròjà tuntun. Lórí reserpine, ìyẹn ò ju nǹkan bíi 0.003 lọ, àṣìṣe ẹ̀rọ yìí kì í sì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá èròjà tí ẹ ń ṣe ti jáde, quadrupole lásán (irú ẹ̀rọ yìí tí kì í wọ̀n pé tó bẹ́ẹ̀) tó yín. Ẹ má náwó yín dànù.

Ohun tí olùtajà kì í kọ́kọ́ sọ ni bùkátà tó tẹ̀ lé e. Nitrogen gbọ́dọ̀ máa wọlé tọ̀sán-tòru. Sílíńdà ò lè gbé e, àfi ẹ̀rọ tó ń yọ ọ́ láti inú afẹ́fẹ́. Páǹpù ń pariwo, ó ń mú yàrá gbóná, epo rẹ̀ sì ń fẹ́ pípààrọ̀. Bí iná bá lọ, turbo pump (páǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ jáde) á dúró, kí vacuum (òfìfo tí kò sí afẹ́fẹ́) sì tó padà bọ̀ sípò, ó lè di ọjọ́ kejì. UPS kì í ṣe àṣejù rárá. Owó àdéhùn ìtọ́jú ọdọọdún náà lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí wọ́n fi rà á, bẹ́ẹ̀ owó ìwádìí tó ra ẹ̀rọ kì í sábà san ìyẹn. Ẹ dúnàá-dúrà ìtọ́jú ọdún mélòó kan mọ́ owó rírà kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Ìgbà yẹn nìkan ni ọwọ́ olùtajà máa ń rọ̀.

Èyí tó ń sú mi jù ni ìdọ̀tí. ESI kì í fi nǹkan pa mọ́: phthalate (kẹ́míkà tó ń mú ike rọ̀) inú ike á yọ ní 391.284, PEG (mólékù tó gùn bí ẹ̀wọ̀n) láti inú ọṣẹ tí wọ́n fi fọ ìgò á tò lọ bẹẹrẹ, 44.026 láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́! TFA (ásíìdì kan) nínú mobile phase, ìyẹn omi tó ń gbé èròjà wọ ẹ̀rọ, náà ń tẹ àmì èròjà rì, formic acid ló sàn. Nísinsìnyí, ẹni kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ kan source (ibi tí èròjà ti ń di ion). Àwọn yòókù kàn ń gbé vial (ìgò kékeré) wọn sílẹ̀ fún un ni.

Sọ́fítíwíà rẹ̀ ò wù mí. Ó lọ́ra, fáìlì rẹ̀ ò sì ṣí níbòmíràn, àfi ká fi sọ́fítíwíà msConvert sọ ọ́ di mzML, irú fáìlì tí sọ́fítíwíà mìíràn lè ṣí.